Ẹ Bẹ Ẹni Tó Ni Ọwọ́

Bí òórùn èèpo obì tó ti rà bá gbá mi nímú lónìí, kíá ni ọkàn mi máa ń padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù. O mọ òórùn tí mò ń wí: ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, kì í sì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Oníṣòwò gbànja ni bàbá mi. Tá a bá ti rẹ obì sómi tí èèpo rẹ̀ sì rọ̀, àwa obìnrin ilé á jókòó yí ọpọ́n ká, a ó máa bó o, a ó máa ṣà á, kí àwọn oníbàárà láti Sábó tó wá kó o. Nínú gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mọ obì ṣà jù. Kì í wo obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ìka rẹ̀ ló fi ń mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀, bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni lọ.

Láàárín àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn ló gba iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ògijo. Ó ti dàgbà, ó wù ú kó ní ohun tirẹ̀ kó tó lọ ilé ọkọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀, ọ̀gá wọn náà mọ̀. A dúpẹ́ pé wọn ò gé ìka kankan, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn kò ká mọ́. Ọwọ́ náà ò tíì jinná tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i pé kó má wulẹ̀ padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún wá bẹ̀ wá. Ó gbọ́n, kò dá wá. Ó mú bàbá àgbà kan dání, ẹni tí òun àti bàbá mi jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù rẹ̀, bàbá àgbà sì ṣí fìlà. Ìwọ náà mọ àṣà ilé wa, bí àgbà bá ti ṣí fìlà fún ọ, kí lo tún fẹ́ sọ? Bàbá mi ní àmúwá Ọlọ́run ni, òun ti gbà, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Wọ́n mu mínírà, wọ́n kí wa, wọ́n lọ. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, torí mo rò pé àlàáfíà ti dé.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ní gbogbo àkókò yẹn.

“Wọ́n bẹ̀ yín, Bàbá, ẹ sì ti gbà,” ó ní, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ọwọ́. Ẹnì kankan ò bẹ̀ mí.”

Bàbá mi bínú gidi. Ó ní ṣé kí òun wá kó ọ̀rọ̀ òun jẹ lójú ẹni tó ṣí fìlà fún òun ni? Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò jẹun. Àwọn méjèèjì jọra wọn burúkú.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá lọ bá obìnrin agbẹjọ́rò kan nítòsí ilé ẹjọ́. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. “Bàbá yín ti dárí jì wọ́n, ìyẹn dáa,” ó ní. “Àmọ́ àgbàlagbà lẹ̀yin náà, Bàbá ò lè bá yín fi ẹ̀tọ́ yín tọrẹ. Ẹnu iṣẹ́ lẹ ti fara pa, àwọn tó gbà yín síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ tọ́jú yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún Bàbá. Tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ò bá gbọ́, ẹ padà wá, ká gba ilé ẹjọ́ lọ.”

Èmi ni mo sọ ọ́ fún Bàbá. Ó ń tú agbọ̀n obì kan wò, kò gbójú sókè títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó yá, ó pe ẹ̀gbọ́n mi, ó na obì kan sí i. “Bá mi wò ó, ṣé kòkòrò wà ńnú ẹ̀?” O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ ọ̀tún, obì bọ́, ó yí wọ abẹ́ àga. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo rí omi lójú rẹ̀. Ó dé fìlà, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Nílé bàbá àgbà yẹn, bàbá mi ò pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní, “Ẹ bẹ̀ mí, mo gbà. Àmọ́ yèsí ni ẹ̀rọ gbá lọ́wọ́ mú?” Bàbá àgbà ní òun á mú ọ̀gá padà wá. Ó ti mọ ta ni.

Bí wọ́n ṣe tún wá nìyẹn, iwájú ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gá sì dọ̀bálẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí. “Mo ti dárí jì yín, sà,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ìtọ́jú ọwọ́ mi ńkọ́? Iṣẹ́ mi ńkọ́?” Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú bàbá mi. Bàbá mi kọjú sí ògiri. Ni bàbá àgbà bá gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ní òun ò ní dé e àfi tí ọ̀gá bá dá ọmọ náà lóhùn. Ọ̀gá ṣèlérí méjèèjì lójú gbogbo wa, agbẹjọ́rò wa sì rí i pé kò yẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tọ́jú ọwọ́ náà, wọ́n gbà á padà, wọ́n fi í síbi tí kò ti ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìka kan ká díẹ̀. Èkejì ò ká títí dòní.

Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń wá bẹ̀ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ ọmọ mi tó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, mo kọ́kọ́ máa ń pe ọmọ náà jáde pé kó wá jókòó. Ẹ̀yìnkùlé Ọ̀fin ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá mi, tó máa ń gbá wa lọ́wọ́ tá a bá fi òsì gba nǹkan, kò tún jẹ́ kí obì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń na obì sí.