Ààwẹ̀ Alàámísì tí Sìkírátù Gbà Nítorí Asiat

Yàrá kan ni Sìkírátù àti Asiat jọ ń gbé ní àdúgbò Al Baraha nílẹ̀ Lárúbáwá. Asiat ló ni bẹ́ẹ̀dì òkè, Sìkírátù ló ni ti ìsàlẹ̀. Wọ́n jọ ń gbálẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan, ìkòkò kan náà ni wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀. Àfi ìgbà tí Shukurat dé sáàárín wọn. Shukurat ní ilé tirẹ̀ ní Jumeirah Village Circle. Ìrun tó bá wù ú ló ń kí, síbẹ̀ oore ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó ti ní kí Asiat wá máa bá òun gbé. Sìkírátù kò tíì gbọ́ èsì Asiat.

Ìdí nìyẹn tí Sìkírátù fi gba ààwẹ̀ náfílà ní Alàámísì tí wọ́n gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àdúà rẹ̀ kò gùn: Ọlọ́run, má jẹ́ kí Asiat kó lọ.

Shukurat ló mú wọn lọ sí ìlú àtijọ́ ní Sharjah, láàárín àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n ti ń ta àtùpà idẹ àti tùràrí. Nínú ilé kan tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, ó fa Asiat mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n Sìkírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa snap."

Sìkírátù ya fọ́tò wọn. Shukurat wo fóònù, ó kígbe: "Habibi! Orí mi dà?"

"Ọwọ́ mi ló yẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀.

Asiat rẹ́rìn-ín títí, ó forí lé èjìká Shukurat.

Nígbà tó yá, Shukurat ra luqaimat, tó rí bíi pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù wa, àmọ́ tí oyin ń kán lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọ̀kan sí Asiat lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ńkọ́? Àbí ẹ̀ ń sá fún ṣúgà ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Sìkírátù bu ìkúnwọ́ kan, ó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Òun kò gbàgbé.

"Ẹ̀gbọ́n!" Asiat lanu sílẹ̀. "Ṣebí ẹ gbààwẹ̀!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo gbọ́ yín nígbà tí ẹ ń jẹ sààrì. Bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í jẹ́ kéèyàn sùn." Ó mú dàbínù àti omi jáde nínú báàgì rẹ̀. "Mo ti ra èyí pa mọ́, kí ẹ lè fi ṣínu."

Sìkírátù gbà á. Oyin ti mú ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. "Asiat, ṣé wàá kó lọ?"

Asiat wolẹ̀. "Ìparí oṣù yìí ni. Mo ti fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí i láti àná, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ ṣínu tán kí n tó sọ."

Láti àná. Sìkírátù kò tíì jí jẹ sààrì nígbà yẹn. Kí wá ni Ọlọ́run ń gbọ́ láti àárọ̀? Ó fẹ́ béèrè, ẹ̀rù bà á, ó ní "Astagfirulahi" lábẹ́ ètè.

Wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun ní mọ́sálásí, kò tọrọ ohunkóhun. Nígbà tó jáde, ó jókòó láàárín àwọn méjèèjì, ó ka Bísímílàhì, ó sì jẹ dàbínù náà títí tó fi tán. Kò fún Shukurat ní ẹyọ kan.