Ẹ̀wù Tí Ìyá Àgbà Fárí Gá Sí

Abúlé apẹja kan tó dojú kọ Àgbádárìgì ni wọ́n ti bí mi. Òdìkejì ọ̀sà nilé ìwé wà. Bí atẹ́gùn bá ti le, àwọn ìyá wa á so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ìwé kíkà dọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan ní àwọn fẹ́ ran àwa ọmọdé lọ́wọ́, ìwé àti báàgì la ń retí. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń mú èèyàn léfòó lórí omi ni wọ́n kó dé!

Ìyá ìyá mi, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó ẹja lọ sọ́jà, fárí gá. "Ta ló ń wọ ẹ̀wù fún ẹja? Ọmọ ọ̀sà lọmọ wa!"

A wọ̀ ọ́ ṣá. Òjò ni o, ìjì ni o, a ń lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀wù yẹn ni mo fi dẹni tó ń kọ̀wé lónìí.

Lọ́jọ́ ọjà kan tí ìgbì ń ru, mo bá Ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń fi tipátipá fa ẹ̀wù mi wọ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tukọ̀ kẹ́ ẹ tó bí ìyá mi?"

"Ọkọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n tù. Ta ló sọ fún ẹ pé mo lè lúwẹ̀ẹ́?"