Ọ̀já Tí Mo Mú Lọ sí Etí Òkun

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní Thamesmead, nílùú òyìnbó, pinnu pé ká lọ sinmi létí Òkun Mẹditaréníà, ní Sípéènì, ọ̀já ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kì sínú àpò. Òun ni mo fi pọn ọmọbìnrin mi nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni báyìí, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún ìwẹ̀ kan ní Woolwich, níbi tí mo ti máa ń jókòó sórí àga tó sún mọ́ omi jù lọ, kí n lè tètè bẹ́ sínú rẹ̀ bó bá rì. Èmi fúnra mi ò mọ̀wẹ̀, àmọ́ mi ò jẹ́ kí ìyẹn dí mi lọ́wọ́.

Kó tó di pé a gúnlẹ̀ ló ti ń bi mí: "Mọ́mì, ṣé màá lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun?"

"Wàá lúwẹ̀ẹ́. Àmọ́ omi ò gbọdọ̀ kọjá orúnkún."

"Ta ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí ò kọjá orúnkún?"

"Ìwọ."

Àwa tá a jọ ń rìn lọ sí Lesnes Abbey, àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan, ní gbogbo Sátidé, a kì í ṣe òmùwẹ̀. Aládùúrà ló pọ̀ jù nínú wa, àdúrà ló sì máa ń gbé wa dé etí òkun nílẹ̀ wa. Nítorí náà, bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi ìpara ra ara wọn, ṣe ni àwọn tiwa ń bu omi òkun sínú ike. Alága wa bọ́ bàtà, ó nawọ́ sókè, ó ní ká dúpẹ́ pé a gúnlẹ̀ láyọ̀. Àmín wa lé àwọn ẹyẹ lọ.

Mo so ọ̀já mọ́ ọmọ mi ní ìbàdí, mo di etí kejì mú.

"Mọ́mì, gbogbo èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò."

Kò pẹ́ tí mi ò fi rí orúnkún rẹ̀ mọ́ láti orí iyanrìn. Ìyàwó Alága ti háyà pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà kan tó ń léfòó, tó gba àgbàlagbà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó sórí eléyìí, ẹ ó rí i dáadáa." Mo jókòó sórí rẹ̀ létí omi. Ìgbì kékeré kan dé, pẹ́pẹ́yẹ yí po, mo fi ọ̀já sílẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lọ́rùn mú. Afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ.

"Olúwa, gbà mí o!"

"Àmín!" ni gbogbo ẹgbẹ́ dáhùn.

"Mo ń lọ o!"

"Ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀!" ni Alága ké.

"Kì í ṣe àdúrà!"

"Àmín, lórúkọ Jésù!"

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ àwọn òmùwẹ̀ rí i pé inú gbogbo wọn ń dùn, lòun náà bá juwọ́ sí mi.

Ọmọ mi nìkan ló wo ojú mi. Ó bẹ́ sínú ibú, ọ̀já ń wọ́ tẹ̀lé e bí ìrù. Èmi ṣì ń pariwo, "Orúnkún! Orúnkún!" Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò tiẹ̀ mí hẹlẹ. Ó tú ọ̀já kúrò ní ìbàdí, ó so ó mọ́ ọrùn pẹ́pẹ́yẹ.

"Mọ́mì, jókòó jẹ́ẹ́. Má tapá mọ́."

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá bi í bóyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì mà."

Ó lúwẹ̀ẹ́, ó ń fà mí bọ̀. Mo kọ̀, mi ò sọ̀kalẹ̀ títí omi ò fi kọjá orúnkún mi.

"Ṣé ẹ rí i bí àdúrà ṣe ń gbà?" ni Alága wí.

Ọmọ mi gbọn omi kúrò létí. "Ó yá, Mọ́mì, ṣé mo lè lúwẹ̀ẹ́ báyìí?"

Mo wo òkun, mo wo ọmọ mi. "Máa lọ."

Kò tíì lọ. Ó tú ọ̀já kúrò lọ́rùn pẹ́pẹ́yẹ, ó so etí rẹ̀ kan mọ́ mi ní ìbàdí, ó so èkejì mọ́ irin agbòòrùn tá a háyà, ó fà á wò.

"Má kọjá orúnkún o," ló wí, ló bá sáré wọ inú omi.

Mo yẹ ìdè náà wò. Ó so ó dáadáa.