Ìṣó Àkọ́bí

Òórùn ẹja yíyan àti ti bẹntiróòlù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní èbúté Igbókòdá, kí omi fúnra rẹ̀ tó fara hàn. Ní àárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, òórùn náà dùn mọ́ mi nímú, nítorí mo mú àlejò méjì dání láti Àkúrẹ́, mo sì ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo ni gbogbo èbúté. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ìwé girama tí mo ti ń kọ́ni. Èkejì ni ọ̀rẹ́ mi obìnrin tí a jọ ń jókòó nínú yàrá olùkọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dà mí láàmú pé àwọn fẹ́ fojú rí abúlé wa tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, níbi tí àwọn èèyàn ń gbé inú ilé pákó lórí òpó. Nígbà tí ìyá mi wá ránṣẹ́ pé kí n wálé ní Sátidé yẹn, pé kí n má ṣàì wá, mo ní ọ̀nà kan náà ni, kí gbogbo wa kúkú jọ lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìyá mi fi ránṣẹ́, nítorí òun gan-an lọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, òkun kì í dúró sójú kan. Ọdọọdún ló ń jẹ yanrìn, tó ń sún mọ́ ilé. Bàbá mi ri òpó márùn-ún sí iwájú ilé wa ní ìhà òkun, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí omi bá ti gbé mẹ́ta lọ, àríyànjiyàn ti tán, ilé gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. A kì í wó o o, a máa ń tú u ni. Pákó kọ̀ọ̀kan, páànù kọ̀ọ̀kan, a ó tú u, a ó kó o sínú ọkọ̀, a ó sì tún un tò sẹ́yìn, lẹ́bàá ọ̀sà, láàárín ọjọ́ méjì. Ilé kan náà ni, ààyè ló yàtọ̀. Ní agboolé tiwa, àkọ́bí ló máa ń fa ìṣó àkọ́kọ́, èyí tó wà ní àtẹ́rígbà. Bí kò bá tíì fa ìṣó yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé, ẹni tó bá sì fà á gbọ́dọ̀ sùn sí ojú ibi tuntun lọ́jọ́ náà.

Mo ti fà á rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Bàbá mi gbé mi lé orí àpótí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ mi lára òòlù, a jọ fa ìṣó náà, ó ń han bó ṣe ń jáde. Ó ti dípẹtà, ó sì gbóná ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Gbogbo èèyàn hó yèè, wọ́n dà bo ilé pẹ̀lú òòlù tiwọn, èmi sì jókòó sórí yanrìn, mò ń wo ìṣó mi bí ẹni pé mo jogún ayé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi lọ sílé ìwé ní Igbókòdá, mo ti ibẹ̀ bọ́ sí Oǹdó, mo ti Oǹdó bọ́ sí Àkúrẹ́, n kò sì gbé abúlé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi kú. Ìyá mi wà nínú ilé náà, ó ń yan ẹja, ó ń tà á, àbúrò mi ọkùnrin ń pẹja nítòsí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa àṣà ìṣó yẹn kò ju pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àkọ́bí lọ. Dídùn rẹ̀ ni mo rántí, n kò bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì gbé wa. A kọjá Òde Ugbò, omi dúdú bí ọṣẹ, igi ẹ̀gbà ta gbòǹgbò wọ inú ẹrẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọkùnrin jọ́gíráfì kò dákẹ́ ẹnu. Ó ń ṣàlàyé fún wa bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní inú ìwé lòun ti ń kà á láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ń ti ọwọ́ bọ omi, ó ń tọ́ ọ wò bóyá ó ti níyọ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ojú kò tì mí nígbà náà. Ìsinsìnyí ló ń tì mí.

Nígbà tí a gun afárá pákó tó lọ sílé wa, mo rí ọkùnrin bíi mẹ́jọ tí wọ́n jókòó sábẹ́ ilé, aládùúgbò wa ni gbogbo wọn, kálukú pẹ̀lú òòlù tàbí irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó. Àbúrò mi wà láàárín wọn. Wọn kò lọ sójú omi lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ tí apẹja kò bá sì lọ sójú omi, ìwọ náà mọ ohun tí ìkòkò yóò sọ. Ìyá mi ti se ọbẹ̀ marúgbó, ó ti ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa. Òòlù bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bojú wo ìhà òkun, òpó kan ṣoṣo ló kù, ó sì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mẹ́rin ti lọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta lọ, ìyá mi ti pè mí, mo ní à ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́.

Ká ní èmi nìkan ni mo wá ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má rí bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin jọ́gíráfì ti ń yí ilé náà po, ó ń fọwọ́ pa pákó tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ là, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tó gbọ́ pé a fẹ́ tú u, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ mí lórí ìkúnlẹ̀.

"Màdáámù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ wá wò ó ná bó ṣe wà yìí."

Òun ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní í ti ẹ̀bi sí i lọ́rùn. Èmi ni inú mi dùn sí ìyìn. Èmi ni n kò fẹ́ kí àwọn àlejò mi rí ilé bàbá mi ní ìhòòhò, kí páànù wà nílẹ̀ níhìn-ín, kí ìdọ̀tí ìdí ààrò wà lọ́hùn-ún. Àti pé bí mo bá fa ìṣó yẹn, mo gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀, ọkọ̀ wa sì gbọ́dọ̀ padà ní aago mẹ́rin. Mo bá mú ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi di Sátidé tó ń bọ̀, pé èmi nìkan ni màá wá, pé màá sun ọjọ́ mẹ́ta bí wọ́n bá fẹ́.

Ìyá mi kò jiyàn. Ó wo òpó tó kù yẹn, ó wò mí.

"Ọma mi," ó ní, "omi ò mọ Sátidé o."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, ó sọ fún wọn pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àgbà inú wọn dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó kí àwọn àlejò mi káàbọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kó àwọn yòókù lọ. Púpurú tí ìyá mi rò fún ènìyàn mọ́kànlá, àwa mẹ́ta la jẹ nínú rẹ̀. Àwọn àlejò mi yin ọbẹ̀ náà títí. Lẹ́yìn oúnjẹ ni a ya àwòrán. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ àtẹ́rígbà, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti wà láti àárọ̀. Èmi ni mo ní kí ìyá mi gbé e sílẹ̀, pé kò bá àwòrán mu. Ó gbé e sílẹ̀.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, mò ń fi àwòrán ilé wa han àwọn olùkọ́ yòókù lórí fóònù mi. Wọ́n pé lé mi lórí. Àbúrò mi pè, orúkọ rẹ̀ bo àwòrán náà mọ́lẹ̀, mo gé e. Ó tún pè, mo tún gé e. Ìgbà kẹta ni mo tó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, màmá wà lọ́dọ̀ mi," ó ní. "Ilé ti lọ."

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn. Kò sí ìjì, kò sí òjò. Omi kàn kún, ó gbé òpó ìkẹyìn, kò sì dúró níbẹ̀. Ìyá mi wà nídìí ààrò, ó sáré kúrò pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀ àti òòlù. Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọkùnrin mẹ́jọ yẹn dúró lórí afárá, wọ́n ń wo ilé náà bó ti ń tú fúnra rẹ̀, pákó kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan. Díẹ̀ nínú pákó náà gúnlẹ̀ sí abúlé mìíràn, wọ́n fi dáná. N kò lè bá wọn wí, igi ojú omi kò ní olówó.

Ibi tó korò jù kò tíì dé. Ẹni tó bá ní pákó ló lè rí ibi tẹ̀dó sí lẹ́bàá ọ̀sà. Ìyá mi kò ní pákó mọ́. Yàrá kan ni àbúrò mi ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ìyá mi bá wá sí Àkúrẹ́, sí ọ̀dọ̀ mi, pẹ̀lú báàgì kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bi mí pé kí ló dé tí ibí yìí dákẹ́ tó báyìí. Ó gbìyànjú láti yan ẹja lẹ́yìnkùnlé, àwọn alájọgbé wa ní èéfín ń wọ aṣọ àwọn. Ó pa iná náà, kò sì dá a mọ́. Obìnrin tí gbogbo èbúté mọ ẹja rẹ̀, ó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó dojú kọ ògiri aládùúgbò. Kò bá mi jà, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan gún mi. Inú ń bí mi sí i nítorí ìyẹn, mo fẹ́ kó jà.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, ọkùnrin jọ́gíráfì wá kí i. Ó ti gbé àwòrán ọjọ́ yẹn sínú férémù onígíláàsì, ó kúnlẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún un. Nígbà tó lọ tán, ó gbé àwòrán náà sórí itan, ó ń wò ó, ó ń fi ìka pa ibi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọwọ́ òfìfo. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mo ní, ṣé kò sí ọmọ mìíràn nílé ni? Àbúrò mi wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣó lásán. Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kó fà á?

Ó gbé ojú kúrò lára àwòrán náà, ó wò mí. Kò gbé ohùn sókè.

"Bí àkọ́bí bá kú ni èyí tó tẹ̀ lé e ń fa ìṣó yẹn. Bí mo bá ní kó fà á, mo ti sọ fún gbogbo agboolé pé o ti kú." Ó tún wo àwòrán náà. "Ilé lè lọ. Mi ò lè fẹnu ara mi pe ọmọ mi lókùú."

N kò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí mo fà á, mo rò pé ẹ̀bùn ni. Èmi tí mo kàwé, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò bèèrè ohun tí òòlù yẹn ń sọ nígbà tí wọ́n bá fi lé mi lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí kò ju pé, ṣé o ṣì wà? Mo sì dáhùn pé kí wọ́n fún mi di Sátidé. Gbogbo abúlé gbọ́ ìdáhùn mi, ìyá mi nìkan ló kọ̀ láti gbọ́ ọ.

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òòlù bàbá mi ló mú bọ̀, pẹ̀lú ìṣó kan tó ti yọ lára àpótí mi. Ó kó wọn fún mi, ó tọ́ka sí ògiri.

"Kàn án síbẹ̀," ó ní. "Ìwọ ni àkọ́bí."

Mo gun àga, mo kan ìṣó náà mọ́ ògiri, mo sì gbé àwòrán náà kọ́ ọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn àlejò máa ń yìn ín, wọ́n á ní ilé arẹwà ni. Mo máa ń sọ pé ẹ ṣeun. Ìṣó kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ kàn láti Sátidé yẹn, ṣe ni mo gbá a wọlé. Èyí tí wọ́n ní kí n fà jáde wà nínú òkun.