Ọjọ́ Tí Ìṣàn Òkun Gbé Sọjí Lọ

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ààbò nílé iṣẹ́ oníke kan ní Ìkẹjà kí òkun tó fi hàn mí pé n kò tíì mọ iṣẹ́ náà tán. Kẹ́ẹ̀gì àti báfù la ń ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé iye ìka tí òṣìṣẹ́ gbé wọlé láàárọ̀ náà ló gbé jáde nírọ̀lẹ́. Mo máa ń yẹ ìbọ̀wọ́ àti bàtà wọn wò, mo sì máa ń bá àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ láìpa á jà. Àǹtí Séfítì ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fi ìfẹ́ pè é.

Lópin ọdún kan, ilé iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ kó wa lọ gbafẹ́ létíkun, máníjà sì ní kí n bójú tó ètò ààbò. Mo yẹ táyà bọ́ọ̀sì wò. Mo di àpótí oògùn. Mo kìlọ̀ fún dírẹ́bà pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Àárín òkè ní Èkìtì ni wọ́n bí mi sí; n kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nípa omi fúnra rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, mo rí àsíá pupa kan lórí igi. Mo rò pé àwọn tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló gbé e kọ́.

Sọjí ló ń darí ẹ̀rọ wa tó tóbi jù. Ọmọ Oǹdó ni, odò ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ láti kékeré. Ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì, ṣùgbọ́n àárín wọn dákẹ́, omi ibẹ̀ sì dúdú díẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni kí òun ti wẹ̀. Èmi ni mo nawọ́ sí ibi tó dákẹ́ yẹn.

Kò pẹ́ rárá tó fi jìnnà. Ó kọjú sí wa, ó ń fi gbogbo agbára wẹ̀ bọ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló ń lọ. Ọkùnrin méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn láti bẹ́ sómi. Bàbá Ìlàjẹ kan tó ń tún àwọ̀n ẹja rẹ̀ ṣe nítòsí dìde, ó dúró níwájú wọn.

Ó ní, "Ẹnì kan ló wà nínú omi. Ṣé ẹ fẹ́ kó di mẹ́ta ni?"

Ó mú okùn, ó so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a fi gbé omi mímu wá. Ó wá ń pariwo sí Sọjí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe ẹ̀gbẹ́ fún un, pé kó má bá omi náà jà mọ́, kó yà. Bóyá Sọjí gbọ́, bóyá ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, ó dẹwọ́, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi. Mo rò pé ó ti kú. Nígbà tó sinmi díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìbú etíkun, títí ó fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ìgbì tí mo ń bẹ̀rù yẹn ló ń tì í bọ̀. Bàbá wọ omi dé ìbàdí, ó ju kẹ́ẹ̀gì sí i, a sì fi okùn fà á jáde. Omi ló ń bì. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ní kò séwu.

Kí a tó kúrò, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá pé èmi ni mo júwe ibẹ̀ fún un. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Omi tí ìgbì gbé wá gbọ́dọ̀ padà. Ibi tó dákẹ́ yẹn ni ọ̀nà rẹ̀. Kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀, ojú agbami ló ń gbé e lọ. Ìjàkadì ló ń pa á. O ti mọ̀ báyìí. Sọ fún ẹlòmíràn." Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé àsíá pupa yẹn ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi ni.

Ní ọjọ́ Ajé, níbi ìpàdé àárọ̀, mo sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹ̀bi mi ni. Sọjí wá dìde.

Ó ní, "Ká ní n kò mọ̀wẹ̀ ni, etíkun ni mo máa dúró sí. Bí òkun bá gbá yín mú, ẹ ṣe bí ìgbà tí ẹ̀rọ bá gbá aṣọ yín mú: ẹ má bá a fà á."

Mo bẹ Bàbá wá sílé iṣẹ́ wa kí wọ́n bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò gbà láti kọjá ìlà tí a fà sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Wọ́n ní òkun ni àwọn mọ̀, àwọn ò mọ eléyìí. N kò tíì rí àlejò tó pa òfin mi mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin tó gba ipò mi, pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti etíkun. Ó ní ìgbì ga, òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi, gbogbo wọn sì ń bínú sí òun.

Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa bínú. Òkè eèpẹ̀ ni wọ́n ti ń bínú."