Ìwé Ẹ̀sùn Tí A Buwọ́ Lù Yípo

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, àárọ̀ ọjọ́ Ajé, oṣù kan lẹ́yìn tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ parí, nígbà tí mo ṣí jọ́nà kan, ìwé tí wọ́n ń tẹ ìwádìí sí, ní ilé ìkàwé yunifásítì, ní Ilé-Ifẹ̀, tí mo bá iṣẹ́ mi nínú rẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ Ìpetumodù tí mo rìn fún ọdún méjì, ewé tó lárùn tí mo kà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ pé. Orúkọ ọ̀gá tó ń tọ́ mi nídìí ìwádìí nìkan ló wà lókè. Mo bínú, ṣùgbọ́n ojú tún ń tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo jalè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ìyanṣẹ́lódì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá mi ni mo dúró sí lẹ́nu géètì, tí a jọ ń bú ìjọba ológun. Òun ló kọ́ wa pé ká máa buwọ́ lu ìwé ẹ̀sùn yípo bí ẹnu agbọ̀n, kí aláṣẹ má mọ ẹni tó ṣáájú.

Ohun tó kọ́ wa náà la ṣe. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá buwọ́ lùwé yípo sí ẹ̀ka wa, pé kí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ máa wà lórí iṣẹ́ tó bá ṣe. Èmi ni mo fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ àárín rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè mí.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Gbogbo wa ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tún ìwé rẹ ṣe. Ṣé n ò ní dá ọwọ́ rẹ mọ̀ ni?"

"Sà, èmi ni mo ṣiṣẹ́ Ìpetumodù."

"Èmi náà ṣiṣẹ́ tí ọ̀gá mi fi orúkọ tirẹ̀ sí, n ò pariwo. Bí n ò bá gbé ìwádìí jáde, ta ni yóò sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n? Lọ fa orúkọ rẹ yọ nínú ìwé ẹ̀sùn yìí, kí n buwọ́ lu àpilẹ̀kọ oyè rẹ."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Mo sọ fún Àdùkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó wà lára àwa mọ́kànlá, ní yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Mayfair. Ó pòṣé.

"Ìwọ náà! O ò ṣe gbé e fún àwọn tó ń táìpù? Afọ́jú á dá ìkọ̀wé jágajàga rẹ mọ̀!"

A rẹ́rìn-ín, mo bá bú sẹ́kún.

A ti jèrè díẹ̀: olùkọ́ méjì ti fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wọn sórí iṣẹ́ tuntun. Ti Ìpetumodù ò tíì padà sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀ka wa yóò jókòó lórí ìwé náà. Bí mo bá yọ orúkọ mi, àlàfo yóò hàn, àwọn mẹ́wàá yòókù yóò sì dúró síta gbangba. Bí n ò bá yọ ọ́, àpilẹ̀kọ mi yóò máa sùn nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Èyí tó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni pé mo ṣì ń fẹ́ kí ó sọ fún mi pé iṣẹ́ náà dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì?