Orin Tí Kò Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Pa Á

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé ní Mowe, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀ ọ́n. Èmi ò ní kọ̀ǹpútà, àmọ́ mo ní ẹnu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní pólì, iṣẹ́ ò tíì sí, ni mo bá lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́bsáìtì ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ibafo. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé tí mo ti ń pe ara mi ní ẹnjiníà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló ń wá àkísà nígbà yẹn?

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ti Ifọ̀ wá lójoojúmọ́ ni olùkọ́ wa, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó ti tẹ ìlànà tí àwọn tó ń ṣe wẹ́bsáìtì kárí ayé jọ fẹnu kò lé lórí sínú bébà, ó dì í pọ̀, ó ń gbé e kiri nínú báàgì. Bí èèyàn bá parí iṣẹ́ tó ń retí ìyìn, ìbéèrè ni yóò máa bi í. Bí ẹni tí kò ríran bá débẹ̀, kí ni kọ̀ǹpútà máa kà sí i létí? Bí líìnì íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, kí ló máa kọ́kọ́ yọ? Bí ẹni tó ṣí i ò bá fẹ́ ohun tí o gbé fún un, ṣé ó rọ́nà gbà? Àwọn ìbéèrè yẹn máa ń sú mi. Lójú tèmi, ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi, ó ti parí nìyẹn.

Ìgbà tó yá, ìjọ wa ní Mowe ní kí n ṣe wẹ́bsáìtì fún àwọn. Ẹ wo ayọ̀! Mo fi ọ̀rọ̀ tó ń sáré láti ọ̀tún sí òsì sí i, mo fi ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú sí i, mo wá fi orin dé e lórí. Orin wo? Orin kúáyà wa, tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo lé e. Igbe halelúyà mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kó tó kan "Ọ̀tá ti lọ, ayọ̀ mi dé." Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni mo kọ fún un: kí orin bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó máa tún ara rẹ̀ kọ láìdáwọ́ dúró, kí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á sì fara pamọ́ kó má baà ba ẹwà jẹ́. Olùkọ́ mi gbé iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ tó ń yẹ kóòdù wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmì pupa sì yọ.

"Ìlà yìí ò sí nínú ìlànà," ó ní. "Tẹ́nì kan bá fẹ́ pa á ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Brọ̀dá, ta ló máa fẹ́ pa ohùn mi?"

Ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo ní tèmi kì í ṣe ẹyin.

Èkó ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa ti ń ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n sì ti ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ kéde pé bó bá di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí gbogbo ẹni tó bá wà nídìí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ ṣí wẹ́bsáìtì náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ògo Ọlọ́run lè tàn káàkiri Èkó. Ìjọ ké àmín. Èmi ni àmín tèmi ròkè jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, díákónì wa kan tó ń gbé Arepo wọlé bá wa ní Ibafo. Mo kúnlẹ̀, mo ń retí oríyìn. Wọ́n jókòó, wọ́n nujú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń pa orin yẹn? Mo wá a títí, mi ò rí i. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ni."

Wọ́n wá ròyìn ohun tó gbé wọn wá. Àwọn àti ọkùnrin kan ni wọ́n jọ ń retí ipò kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì wọn, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀. Ọkùnrin náà kú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, díákónì ò tíì gbọ́. Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé, wọ́n ṣí wẹ́bsáìtì bí pásítọ̀ ṣe wí. Líìnì ń fà, àwòrán yọ, kò sí ìró kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wọn jáde, ó tú ọ̀rọ̀ ikú náà, ó ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ikú tó pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Omi ti ń bọ́ lójú díákónì nígbà tí orin tó ti ń rá bọ̀ lórí líìnì dé. Halelúyà! Halelúyà! Halelúyà! Ọ̀tá ti lọ, ayọ̀ mi dé! Wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n tẹ ibí, wọ́n tẹ ọ̀hún, kọ̀ǹpútà gan, orin ń lọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa fa wáyà yọ lára ògiri, orin ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìyàwó olóògbé ní Àgbàdo pé ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ du ipò ti fi orin yọ̀ ọ́. Ọ̀gá fún díákónì ní kúèrì. Bí èsì wọn ò bá tẹ́ni lọ́rùn ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà èwe wọn lọ nìyẹn, orúkọ rere náà lọ.

"Mo fẹ́ kọ ọ́ pé bọ́tìnnì wà, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wá," wọ́n ní. "Kí n má baà purọ́ ni mo ṣe wá béèrè."

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, irọ́ ti dé ẹnu mi. Ó rọrùn: "Ó wà nísàlẹ̀, sà." Wọn ì bá gbà mí gbọ́. Olùkọ́ mi ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, sà. Èmi ni mo fi í pamọ́."

"O fi í pamọ́? Nítorí kí ni?"

Mo ní n óò bá wọn lọ síbi iṣẹ́, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti olùkọ́ mi bá wọn lọ sí Èkó. Mo ti fẹ́ yọ orin náà kúrò, olùkọ́ mi ló ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹ̀rí díákónì nìyẹn. Àwòrán olóògbé àti ìwé ìbánikẹ́dùn ṣì wà lórí tábìlì. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní ó yá, kí n fi han àwọn. Mo ṣí i. Àwòrán yọ, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìṣẹ́jú kan lọ, ìkejì lọ. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ wọn. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn mi. Èmi tí mo máa ń fi ohùn mi yangàn, n kò gbàdúrà kí ohùn náà dún rí bíi ti ọjọ́ yẹn. Àfi halelúyà! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀gá gba máòsì lọ́wọ́ mi, wọ́n wá òkè, wọ́n wá ìsàlẹ̀. "Níbo ni wọ́n ti ń pa á?"

"Kò síbì kankan, mà. Díákónì ò mọ̀ rárá pé ó máa kọrin."

"Kí ló dé tí o fi ṣe é báyìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí n dákẹ́ ni, mà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu nítorí àwòrán òkú. Ọ̀gá gba kúèrì náà padà, wọ́n fà á ya lójú gbogbo wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo yọ ìlà yẹn kúrò, mo sì tọrọ ìdì bébà olùkọ́ mi, mo kà á tán pátá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti díákónì lọ sí Àgbàdo. Opó náà jókòó sórí ẹní. Reluwé kọjá lẹ́yìn ilé bí mo ṣe ń ṣàlàyé, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ látòkè: líìnì tó ń fà, orin tó pẹ́ kó tó dé, bọ́tìnnì tí kò sí. Létí ara mi, àwáwí ló jọ. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìwọ lo kọ orin yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O lóhùn," ó ní. Kò wo ojú díákónì títí a fi dìde.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ipò náà fún díákónì. Díákónì ní àwọn ò ṣe. Mo sáré lọ bá wọn ní Arepo pé ṣebí gbogbo ọ́fíìsì ti mọ òótọ́. Wọ́n ní, "Ọ́fíìsì mọ̀, ọmọ mi. Obìnrin yẹn ńkọ́? Bó bá gbọ́ pé mo ti jókòó sórí àga ọkọ òun, orin yẹn ló máa tún gbọ́."

Èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí ní Mowe báyìí. Fóònù òde òní kì í tilẹ̀ jẹ́ kí orin ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n máa ń bi mí pé kí ni ìlànà yìí pọ̀ tó báyìí fún, mo sì máa ń sọ fún wọn pé nítorí ẹni tí wọn ò rí ni. Mi ò kì í dárúkọ díákónì. Ipò wọn àtijọ́ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì bá mi wí lẹ́ẹ̀kan. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bá mi wí.